Omi Tí A Dà Sí Mótèè Lẹ́sẹ̀

Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹni tó bá rí àpótí, kó fà á mọ́ra. Ẹni tí kò bá rí, kó wá bá mi lórí ẹní, ẹní mi fẹ̀. Ẹni tó ń yan ẹ̀pà kó máa yan án lọ, ṣùgbọ́n kó má gbàgbé iná nígbà tí ẹ̀rín bá dé, nítorí ẹ̀rín ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ń fi aṣọ funfun nù ní Kútọnu o. Ọkọ̀ bàbá wa ni, ọkọ̀ àtijọ́ tí imú rẹ̀ gùn bí imú ẹja, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pẹpẹ onígi tí a na aṣọ líle bò, tí gbogbo wa fi ń pè é ní bàṣé. Òun ló ń kó àgbàdo, gbágùúdá, ewúrẹ́ àti ènìyàn láti Idigny wá sí ọjà Kétu, tí kì í bìkítà èwo ni èwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí ohùn rẹ̀. Kó tó yọ lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin oko ti gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, gbàgàdà, gbàgàdà, bí ẹni ń fi odó gún òkúta. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ báyìí, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á rù ú wá sẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí bàbá mi bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹrù ti wà nílẹ̀, ọmọ ti wà lẹ́yìn, ìjà lórí ẹni tí yóò jókòó síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ yìí ti wà nínú agbo ilé wa kí ìyàwó kankan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí tó wọlé. Ẹ sì mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n, bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó dé, ọkọ ló jẹ́ fún un, ó ní láti wá orúkọ kan tí yóò máa fi yẹ́ ẹ sí. Nígbà tí wọ́n mú ìyàwó tèmi wá, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ nílé tó fi kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Ìyá, mọ́tò tó wà lábẹ́ igi yẹn ńkọ́? Ṣé òun ló kọ́kọ́ dé ni, àbí èmi?"

Ìyá mi ní, "Òun ni."

Ìyàwó mi wo ọkọ̀ náà títí. Ó ní, "Ó dáa. Akígbe-dóko ni èmi ó máa pè é."

Láti ọjọ́ náà, bó bá jí, á kí bàbá mi, á kí ìyá mi, á wá gbé ọwọ́ lé imú ọkọ̀, á rọ orúnkún díẹ̀: "Akígbe-dóko, ẹ kú àárọ̀ o, ọkọ mi." Àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà náà, mo rò pé eré ni. Àmọ́ eré tí ènìyàn ṣe títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ẹ má pè é ní eré mọ́.

Nígbà tí bàbá mi ń lọ, ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ní kí èmi máa wà á, kí ẹ̀gbọ́n mi sì máa mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àgbà mọ ohun tó ń ṣe. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ mi, n ó máa rìn dé ibi tí kò kàn mí. Bí ìtọ́kọ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ìgbín á máa yà wá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Bí mo bá fẹ́ jáde, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, n ó lọ dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Á wò mí, á ní, "Níbo?" N ó sọ. Á tú kókó ìró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó iṣu gbígbóná.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀. A ń lọ sí Idigny, a dé ibi tí ọ̀nà ti gẹ̀rẹ́ lọ sókè, ọkọ̀ gbìyànjú, ó wúkọ́, ó tú èéfín dúdú, ó sì ń padà sẹ́yìn bí àgbò tí kò fẹ́ jà. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tì í, kò gùn. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá gun kẹ̀kẹ́ alùpùpù padà sílé, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di iṣu mọ́ àyà. Nígbà tí mo fi máa délé, ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà dè mí.

"Àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọmọ tó gbé mi ní kí n gbá òun mọ́ ìbàdí. Èmi! Èmi tí mo ju ìyá tó bí i lọ!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fi ikọ́ bò ó.

Ó ní, "Máa wúkọ́ lọ. Mo gbọ́ pé àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ń bọ̀ láti Pobè. Kí àgbàdo tuntun tó wọlé, bí ọkọ̀ bàbá wa kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé mi gun òkè Idigny yẹn, irin ni. N ó ní kí wọ́n wá gbé e."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Inú ọkọ̀ yẹn ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, tó ń fi igi pàṣán gbá mi lórúnkún bí mo bá yí ìtọ́kọ̀ jù. Inú rẹ̀ ni mo ti gbé ìyá mi lọ sí ọsipítà, inú rẹ̀ náà ni mo ti gbé ọmọ mi àkọ́kọ́ bọ̀. Pé kí n jí lọ́jọ́ kan kí n bá ilẹ̀ tútù lábẹ́ igi níbi tó máa ń wà, ara mi kò gbà á.

Ní àkókò yẹn, àbíkẹ́yìn mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ. Mẹkaníkì ni ọkọ rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ igi máńgòrò kan ní ìgboro Kétu. Ènìyàn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni. Ó máa ń bá ọkọ̀ tó ń tún ṣe sọ̀rọ̀, á bú u, á yìn ín, á bi í léèrè ẹni tó bà á jẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó rí ìyàwó mi, ìyá ìyàwó rẹ̀, lókèèrè: á wó lulẹ̀ bí igi tí wọ́n gé, ohùn rẹ̀ á sì di ti ọmọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni ìtàn yìí máa já sí.

Ó wá, ó ṣí imú ọkọ̀, ó gbọ́ ohùn mótèè, ohun tí àwọn ará òdìkejì ààlà ń pè ní ẹ́ńjìnnì. Ó mi orí.

"Bàbá, ẹni yìí ti darúgbó. Bẹ́ ẹ bá gbé e jókòó sójú kan, ó lè máa sọ̀rọ̀ títí di ọ̀la. Àmọ́ kó gbé ẹrù gun òkè? Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Kò sí ohun tí a lè rà sí i?"

"Bàbá, àwọn tó ń ṣe nǹkan rẹ̀ ti gbàgbé pé àwọn ṣe é rí. Ẹ jẹ́ ká fi mótèè ìgbàlódé sí i. Ara àgbà, ọkàn ọ̀dọ́. Òkè Idigny á máa sá fún un ni!"

Ó lọ sí Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀. Ó rí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n kọlù látẹ̀yìn, tí iwájú rẹ̀ ṣì dára bí ojú ọmọge. Ó gbé gbogbo inú rẹ̀ bọ̀: mótèè, àpótí jíà rẹ̀, àwọn wáyà tó pọ̀ bí ìfun ẹran, àti àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Àpótí yìí ló pè ní kalikilatẹ̀. Ó ní òun ni ọpọlọ. Bí òun kò bá sọ̀rọ̀, mótèè kò ní mí.

Mo bi í pé, "Ọkọ̀ bàbá mi kò ní ọpọlọ tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ọpọlọ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ra ọtí fún un.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ṣéènì so arúgbó mótèè kọ́ ẹ̀ka máńgòrò, wọ́n fà á jáde, ẹ̀ka náà ń ké. Ihò tó kù nínú imú ọkọ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ ìyá onírẹsì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù fi rí i pé ibẹ̀ dára, ó yé ẹyin síbẹ̀, ó sì sàba lé e. Àna mi kò lè lé e, ìyá onírẹsì ń wò ó. Ó ní láti gbé adìẹ pẹ̀lú ìtẹ́ rẹ̀ bí ẹni gbé ọba, ó gbé e sínú táyà kan, kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú.

Mótèè tuntun kúrú, ó sì sanra. Ó wọ ọ̀tún, ó kan irin ìtọ́kọ̀. Ó wọ òsì, ó kan ara ọkọ̀. Wọ́n gé irin, wọ́n jó irin pọ̀, wọ́n ṣe àga mìíràn fún un tí yóò jókòó lé. Àpótí jíà tirẹ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà, ọ̀pá irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn ní láti kúrú. Wọ́n gé e, wọ́n tún un jó, wọ́n yí i wò bóyá ó ń gbọ̀n. Ó gbọ̀n. Wọ́n tún un gé. Mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, mo ń jókòó lórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ, àwa méjèèjì ń sàba, òun lórí ẹyin, èmi lórí ìrètí.

Nǹkan kan wà tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá jíà ọkọ̀ bàbá wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtọ́kọ̀ ló wà, lókè. Ti mótèè tuntun, láti ilẹ̀ ló ti ń yọ. Àna mi lu ilẹ̀ ọkọ̀ níhò, ọ̀pá náà sì yọ sókè ní àárín àga iwájú gan-an. Bẹ́ẹ̀ àga iwájú yẹn, èèyàn mẹ́ta ló ń gbà: èmi níbi ìtọ́kọ̀, ẹ̀gbọ́n mi lójú fèrèsé, ìyàwó mi ní àárín. Ìyàwó mi wá wo iṣẹ́, ó rí ọ̀pá jíà tó dúró gangan níbi tí ìdí rẹ̀ máa ń wà.

Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Ìyàwó tuntun kò tíì wọlé, ó ti gba àyè ìyálé!"

Àna mi, lórí ìdọ̀bálẹ̀ tó wà, fi Faransé pe jíà náà. "Ẹ má bínú, ìyá mi, òun ni... fítẹ̀sì ni."

"Ṣé fítẹ̀sì lorúkọ rẹ̀? Ó dáa. Kó dé ná."

Ìyàwó mi délé, ó pe gbogbo ìyàwó ilé jọ, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí àwọn adájọ́. Mo ń gbọ́ wọn láti inú yàrá. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní òun fẹ́ mọ bí òun á ṣe máa kí Akígbe-dóko báyìí tí inú rẹ̀ ti di tuntun. Ṣé ọkọ ló ṣì jẹ́, àbí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí? Ìyàwó mi ló dá ẹjọ́ náà.

"Ara ọkọ̀ ni ọkọ wa. Ara náà kò yí padà. Mótèè tó ń bọ̀ yìí, láti ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti mú un, ilé wa ló ń bọ̀ wá gbé, lẹ́yìn gbogbo wa ló sì ń dé. Kí ni à ń pe ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ìyàwó!" ni wọ́n fi dá a lóhùn.

"Ẹ ṣeun. Ìyàwó kékeré gbogbo wa ni. A ó gbà á bí wọ́n ṣe gbà wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kí ọkọ̀ yẹn. Ẹnì kan máa wà nínú rẹ̀ báyìí tí èmi náà lè rán níṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ògiri fi ń dáhùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. N kò rántí nígbà náà pé bí a ṣe ń gba ìyàwó ní ilẹ̀ yìí, omi ni à ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

Àgbàdo tuntun ti gbẹ lórí igi, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ránṣẹ́ sí àwọn onírin ní Pobè. Ó sọ ọ́ fún mi láìfi bò: "Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣáájú wọn dé, ó dáa. Bí wọ́n bá ṣáájú ọkọ̀, ó dáa." Ó tú kọ́kọ́rọ́ fún àna mi bí ẹni yá ènìyàn léyín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a dúró sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé. A retí gbàgàdà, a kò gbọ́ gbàgàdà. Lójijì ni a rí ọkọ̀ bàbá wa tó yọ ní kọ́nà, ó ń bọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí olè. Kò sí ìdérí lórí imú rẹ̀, nítorí mótèè tuntun ga, ìdérí àtijọ́ kò lè pa dé mọ́, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Gbogbo inú rẹ̀ wà ní ìta, ó ń dán. Kalikilatẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mótèè, okùn ni àna mi fi dì í mọ́ ibẹ̀ títí yóò fi rí àyè tó dára fún un.

Inú mi dùn débi pé mo sá pàdé ọkọ̀ náà, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, n kò padà gbé e.

Àna mi dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó jẹ́ kí mótèè máa mí lọ kí gbogbo ayé lè rí i. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó rí ìyàwó mi. Ó wó lulẹ̀.

Àwọn ìyàwó ilé tò sẹ́yìn ìyàwó mi, kálukú wọn gbé igbá omi tútù dání. Wọ́n ti fi ìró tó dára ró. Wọ́n dá orin ìyàwó. Ìyàwó mi tẹ̀ síwájú, ó bojú wo inú imú ọkọ̀ bí ẹni ń wo ojú ìyàwó lábẹ́ ìbòrí.

"Ó rẹwà," ló wí. "Àna mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

Àna mi gbé orí sókè láti ilẹ̀, ó rí igbá. Ojú rẹ̀ yọ. Ẹ rò ó wò: ọmọkùnrin tó ń bá gbogbo mótèè inú ayé jà, ó yẹ kó kígbe pé "Rárá!" Ta ni yóò kígbe mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀? Ó ní, "Ìyá mi... ẹ dákun... ẹ rọra díẹ̀..."

"N ó rọra, ọmọ mi. Èmi náà ti ṣe ìyàwó rí." Bó ti wí bẹ́ẹ̀, ó da omi náà láti òkè, pé bó bá ti ṣe wù kó rí, á ṣàn dé ẹsẹ̀.

Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ṣàà! Ṣàà! Ṣàà! Èéfín funfun gòkè bí ìgbà tí wọ́n pa iná ìdáná. Mótèè sín lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Orin náà dákẹ́.

Àna mi fò dìde, ó yọ wáyà bátìrì kíá, ó tú kalikilatẹ̀ kúrò lókùn, ó gbé e sókè. Omi ń kán ní igun rẹ̀, tó, tó, tó. Ó wò mí. Mo wò ó. Ìyàwó mi wo igbá ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?" ló bi wá. "Ṣé kò fẹ́ wọlé ni?"

"Ìyá mi," ni àna mi wí, ó tún ti wà lórí orúnkún, "ọpọlọ rẹ̀ lẹ fọ̀."

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí nílẹ̀, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. N kò sì lè bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí wọn kò ṣe nǹkan kan tí ìyá mi kì bá ṣe. Kí n tó dìde, a gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá kan. Àwọn onírin dé.

Olórí wọn bọ́ sílẹ̀, ó wo ọkọ̀ bàbá wa tí kò ní ìdérí, tí omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ilé. Èyí nìyí? Ẹ tilẹ̀ ti fọ̀ ọ́ dè wá!"

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo àwọn onírin, ó wo ọkọ̀, ó wo èmi tí mo jókòó nílẹ̀ bí ọmọ tí ẹ̀kọ rẹ̀ dà nù.

"Gbé e wá," ló sọ fún àna mi.

"Kí ni kí n gbé, ìyá?"

"Ọpọlọ."

Ó wọ yàrá, ó wọ́ àpò gàrí rẹ̀ jáde. Ẹ gbọ́, gàrí ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹgbẹ́ gàrí. Títí dé Adakplamè, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó funfun, ó yan gbẹ, bí ẹ bá dà á sílẹ̀ á máa dún bí iyanrìn. Ó tẹ́ ẹní sínú oòrùn, ó da gàrí lé e.

Àna mi ń kólòlò. "Ìyá, gàrí nínú kalikilatẹ̀..."

"Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá da omi sí gàrí, níbo ni omi máa ń lọ?"

"Gàrí á mu ún."

"Ohun tó lè mu omi ju gàrí lọ, kò tíì dé Kétu. Ṣí i."

Ó ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kí ìyẹ̀fun má wọ inú rẹ̀, wọ́n sin ín sínú gàrí bí iṣu nínú eérú. Olórí àwọn onírin ń wò. Ó ní, "Ìyá, ṣé kí a máa gbé irin wa lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn láìwò ó: "Irin wo? Ṣé o kò rí i pé ìyàwó ilé wa ń yá oòrùn ni? Bí ẹ kò bá kánjú, ẹ jókòó, ẹ jẹun."

Wọ́n jókòó. Wọ́n jẹun. Kí ni wọn ì bá tún ṣe? Ta ló ti rí irú rẹ̀ rí? Àwọn ìyàwó ilé jókòó yí ẹní náà ká, ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n ń kọ orin ìyàwó ní ohùn kékeré bí ẹni ń rẹ ọmọ aláìsàn. Ewúrẹ́ kan sì ń yọ́ wá. Bí wọ́n bá lé e lápá ìhín, á gba ọ̀hún. Ó gba ẹ̀yìn onírin kan yọ, ó fi gbogbo ojú bọ gàrí, a sì rí i tó ń gbé etí aṣọ pẹ̀lú ọpọlọ ọkọ̀ bàbá mi nínú rẹ̀. Onírin yẹn ló gbá a mú lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn! Ọkùnrin tó wá gbé ọkọ̀ wa lọ, òun ló ń bá ewúrẹ́ jìjàkadì nítorí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. N kò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ìbẹ̀rù.

Nígbà tí oòrùn yí, àna mi yọ kalikilatẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọ̀n ọ́n, ó dì í padà síbi tó ga, tí igbá kò lè dé. Ó so bátìrì. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo ránṣẹ́ pe onírin. Èmi ni n ó yí i."

Ó gun iwájú ọkọ̀, níbi ìtọ́kọ̀, ibi tí kò jókòó sí rí. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó dúró. Ó mi orí.

"Kò jí."

"Ìyá, ó ti jí," ni àna mi wí.

"Irọ́ ni. N kò gbọ́ nǹkan kan."

Àna mi di ọwọ́ rẹ̀ mú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé e lé iwájú ọkọ̀. A rí i tí ìka ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ̀n. Mótèè ló ń gbọ̀n ọ́n. Ó ń mí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tó sùn. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin hó yèè! Àwọn onírin náà hó.

Èmi wà á. Ẹ̀gbọ́n mi lójú fèrèsé, ọ̀pá jíà ní àárín, ìyàwó mi pẹ̀lú gbogbo ìyàwó ilé lẹ́yìn lábẹ́ aṣọ bàṣé, àna mi dì mọ́ ìlẹ̀kùn níta, ó ń tẹ́tí sí mótèè. A dé ibi tí ọ̀nà gẹ̀rẹ́. Mo fi jíà sísàlẹ̀, mo di ìtọ́kọ̀ mú bí ìgbà tí pàṣán bàbá mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Ọkọ̀ náà gun òkè bí ẹni pé òkè kò sí níbẹ̀! Kò wúkọ́, kò tú èéfín, ó gùn ún bí ológbò tó ń gun ògiri.

Ìṣòro kan ló kù. Kò sí obìnrin oko kankan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn kò gbọ́ wa! A ti ń kọjá wọn kí wọ́n tó gbé ojú sókè. Ni ìyàwó mi bá dìde lẹ́yìn, ó di igi bàṣé mú, ó figbe ta: "Akígbe-dóko dé o! Gbàgàdà!" Àwọn yòókù gbè é: "Gbàgàdà! Gbàgàdà!" Báyìí la ṣe wọ Idigny, ọkọ̀ dákẹ́, èrò inú rẹ̀ ń dún. Obìnrin arúgbó kan tó gbé agbọ̀n àgbàdo dúró, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń tì yín?"

Nígbà tí a ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sí fèrèsé. Ó ní, "Ó dára, àbúrò. Ó dára gan-an. Àmọ́ ohùn bàbá wa kò sí nínú rẹ̀ mọ́."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló dùn ún jù. Ohùn náà ló ń gbọ́ tó ń kú lọ lójoojúmọ́, kò sì fẹ́ jókòó gbọ́ ọ títí dé òpin. Mo bi àna mi, níbi tó dì mọ́ ìlẹ̀kùn: "Arúgbó mótèè tí ẹ fà jáde, o ní bó bá jókòó sójú kan, ó lè sọ̀rọ̀?"

"Títí di ọ̀la, Bàbá."

Báyìí la ṣe pín in. Àwọn onírin jogún ìdérí imú ọkọ̀ tí kò pa dé mọ́, nítorí ẹni tó bá ewúrẹ́ jà kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ewúrẹ́ jogún gàrí, kò sí ẹni tó tún jẹ́ mu ún. Àna mi jogún òkìkí. Ọkọ̀ àtijọ́ ti pọ̀ lábẹ́ máńgòrò rẹ̀ báyìí, ó sì kọ́ láti máa wà á dé ilé oníkálukú pẹ̀lú ìdérí lórí. Ẹ̀gbọ́n mi jogún arúgbó mótèè. Wọ́n gbé e jókòó sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn yàrá rẹ̀, òun ló ń yí ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá, àárọ̀ kì í mọ́ kó má dún, gbàgàdà, gbàgàdà. Bí àwọn ìyàwó ilé bá ń kọjá níbẹ̀, wọ́n á rọ orúnkún, "Akígbe-dóko, ẹ kú àárọ̀ o." Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ráyè ìrìn-àjò mọ́, nítorí náà, ìyàwó mi ló jogún ojú fèrèsé. Ó ń gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí àbúrò, á ní, "Ìyàwó, ó yá, gbé wa lọ."

Èmi jogún kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tú u kúrò ní etí ìró, ó fi lé mi lọ́wọ́, kò bi mí ní "Níbo?" Mo ṣì máa ń lọ dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí n tó jáde. Ó ti mọ́ mi lára.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó gbọ́ mi, mo ti kìlọ̀ fún yín nípa iná. Ẹ̀pà tó jó yẹn, ẹ̀yin lẹ jogún ún.